Lẹ́yìn tí mo wo Come and See: kí là ń wá nínú fíìmù tó ń dáni lóró?

Àkàndé Òkè-Àdó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ìparí ọ̀sẹ̀, mo sì fẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀ wò. Fíìmù kan ni mo wò, Come and See. Ilẹ̀ Soviet ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1985, Elem Klimov ló darí rẹ̀. Mo ti wo fíìmù ogun rẹpẹtẹ, ìbọn àti bọ́ǹbù kì í ṣe nǹkan tuntun lójú mi. Èyí yàtọ̀. Oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀ pé kí n máa jẹ bí mo ṣe ń wòran tutù sórí tábìlì, mi ò lè fọwọ́ kàn án.

Fún ẹni tí kò bá tíì wò ó: Belarus lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1943, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Hitler ń jẹ gàba lórí ilẹ̀ náà. Ọmọdékùnrin kan, Flyora, wú ìbọn jáde nínú iyanrìn, ó ní òun máa bá àwọn jagunjagun inú igbó tó ń bá àwọn ọmọ ogun yẹn jà lọ. Ìyá rẹ̀ sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ó tiẹ̀ gbé àáké lé ọmọ náà lọ́wọ́ pé kó kúkú pa òun àti àwọn ìbejì àbúrò rẹ̀ kó tó máa lọ. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Eré lásán ni ogun lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ tó wọ igbó tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, etí rẹ̀ di. Ibẹ̀ ni fíìmù náà ti mú mi, torí etí àwa tí à ń wòran náà di. Ìró kan ń hó gooro lórí gbogbo nǹkan, ẹnu àwọn ènìyàn ń mì, ohun tí wọ́n ń sọ ò já gaara. Nígbà tó padà dé abúlé wọn, kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Ọbẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Eṣinṣin ń kùn. Bèbí àwọn ìbejì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó jókòó, ó bu ọbẹ̀, ó ń jẹun! Àfi bó ṣe pariwo lójijì pé òun mọ ibi tí wọ́n sá sí, ó ki eré mọ́lẹ̀. Glasha, ọmọbìnrin tó bá a wálé, ń sáré tẹ̀ lé e. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì rí òkú àwọn ará abúlé tí wọ́n kó jọ gègèrè sẹ́yìn ògiri ilé. Flyora ò bojú wẹ̀yìn. Àwa rí i, òun ò rí i. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, kámẹ́rà ti kúrò níbẹ̀.

Mi ò ní sọ ti ibi tí wọ́n ti kó odindi abúlé sínú ilé onípákó kan, tí wọ́n sì dáná sun ún. Ẹni tó bá fẹ́ rí i á fojú ara rẹ̀ wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bi mí pé kí ló dé tí mo ń fi owó dátà ra ìbànújẹ́ sọ́rùn ara mi. Mi ò rí èsì gidi fọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń wo irú rẹ̀? Bí ẹ bá sì ń wò ó, kí lẹ ń rí níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì Ìgbò-Ọrà

Àkàndé ọmọ mi, òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ sọ. Nígbà tí mo kà á dé ibi àáké àti ìbejì yẹn, ńṣe ni mo gbé fóònù sílẹ̀ ná. Mo bí ìbejì, mo mọ ohun tí mò ń wí. Ìròyìn tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́, ti àwọn ajínigbé, ti àwọn tí wọ́n ń pa mọ́nú oko wọn, ṣé kò tó ni? Kí èèyàn tún wá ti ilẹ̀kùn mọ́rí nínú ilé ara rẹ̀, kó máa wá ẹkún kiri?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Nígbà tí The Passion of the Christ tí Mel Gibson ṣe jáde lọ́dún 2004, ibi gbogbo ni wọ́n ń gbé e sí. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ nígbà náà gbé e sójú ògiri lọ́jọ́ Ẹtì Rere, wọ́n sì kó àwọn ọmọdé síwájú pátápátá kí wọ́n lè ríran dáadáa. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń na Jésù, tí pàṣán onírin ń fa ẹran ara rẹ̀ ya, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọbìnrin kan tọ̀ sára. Àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn ń pariwo "Jésù! Jésù!", wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló ń bà lé àwọn ọmọ náà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n! Mo dìde, mo kó àwọn tèmi, a jáde.

Mo délé, mo ṣí ìwé Jòhánù orí 19. Ẹsẹ kìíní ló ti sọ pé Pílátù mú Jésù, ó sì nà án. Ẹsẹ kan ṣoṣo. Ẹni tó kọ ọ́ kò ka iye ẹgba, kò sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tú. Síbẹ̀, láti ayébáyé làwọn èèyàn ti ń sunkún nídìí ẹsẹ yẹn. Kí wá ni fíìmù fi kún un?

Bọ̀dé Peckham

Ẹ kú alẹ́ mà. Ohun tí ẹ sọ nípa àwọn ọmọdé, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ẹni tó kó ọmọ síwájú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ti àwa àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan síwájú yín.

Oṣù January ọdún 2014 ni 12 Years a Slave dé sinimá níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Steve McQueen, ọmọ bíbí Lọ́ńdọ̀nù, ló darí rẹ̀. Chiwetel Ejiofor, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló ṣe Solomon Northup. Northup kì í ṣe ènìyàn inú àlọ́ o. Ọmọ ìpínlẹ̀ New York ni, òmìnira ni wọ́n bí i sí. Wọ́n fi iṣẹ́ orin tàn án lọ sí Washington lọ́dún 1841, wọ́n jí i gbé, wọ́n tà á sí oko ẹrú ní Louisiana, kò sì rí ìdáǹdè àfi lọ́dún 1853.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi okùn so ó lọ́rùn mọ́ igi. Wọn ò jẹ́ kó kú, wọn ò sì tú u sílẹ̀. Orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló dúró lé nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ ń yọ̀, ó ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Kámẹ́rà dúró gbọin-gbọin. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹrú yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látinú ahéré wọn, oníkálukú kọjú sí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń ṣeré lórí koríko. Obìnrin kan yọ́ wá fún un lómi mu, ó sì yára kúrò. Kò sí orin rárá. Nínú sinimá tí a wà, ẹnikẹ́ni ò húkọ́.

Láti ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti ń ka ìwé nípa òwò ẹrú. Kò sí èyí tó jẹ́ kó yé mi bí ibẹ̀ yẹn ṣe jẹ́ kó yé mi: pé ìyà ẹnìkan lè di nǹkan tí àwọn èèyàn tirẹ̀ ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, torí ẹni tó bá dúró wò ó, kò ní pẹ́ kan òun náà. Àwọn ìran wa tí wọ́n kó lọ sí Bahia àti Kúbà, irú ojúmọ́ tó ń mọ́ wọn nìyẹn. Inú mi ò dùn pé mo rí i, ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ kí n má rí i.

Nọ́ọ̀sì Tinú

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ẹ̀gbẹ́ ara, iṣẹ́ mi nìyẹn. Orí mọ̀ pé fíìmù ni, ara ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Bí ojú bá rí ìyà, tí etí sì gbọ́ igbe, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn, gbogbo iṣan á le. Ara ń múra àtisá lọ ni. Ohun tí kò jẹ́ kí oúnjẹ wu Àkàndé nìyẹn, ara tó fẹ́ sá kì í ráyè oúnjẹ.

Ti àwọn mìíràn yàtọ̀. Bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tiwọn á já wálẹ̀ lójijì, ojú á ṣú, wọ́n á ṣubú lulẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ ojo. Mo ti rí ọkùnrin gìrìwò tó ṣubú níbi tí wọ́n ti ń gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ nílé yín níwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ tẹ́ ẹni náà sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ má da omi sí i lẹ́nu.

Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Ẹni tí wọ́n ti jí gbé, ẹni tó sá fógun, ẹni tí wọ́n fipá bá lò. Fíìmù lè dá irú wọn padà síbẹ̀ wàràwàrà, ìró kékeré kan ti tó. Ẹ má fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni jókòó wò ó, ẹ má sì fi ẹni tó bá dìde jáde ṣe yẹ̀yẹ́. Bí àwòrán náà bá ń dà yín láàmú lójú oorun títí tí kò tán, tí ẹ ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé fíìmù lásán ni.

Baba Awòran

Àkàndé, o kú ìfaradà. Jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àwọn tó ṣe fíìmù yẹn, torí ó máa là wá lójú.

Inú ìwé nìkan kọ́ ni Klimov ti mọ ogun. Ọmọdé ni nígbà tí ìlú wọn, Stalingrad, ń jó nínú ogun náà. Òun, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ jòjòló wà lára àwọn tí wọ́n gbé sọdá odò Volga, iná ń sọ lálá ní ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀. Ales Adamovich tí wọ́n jọ kọ ọ́, ọ̀dọ́ langba ni nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà láàárín àwọn jagunjagun inú igbó ní Belarus. Nígbà tó yá, òun àti àwọn òǹkọ̀wé méjì mìíràn lọ káàkiri àwọn abúlé, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó yọ nínú iná. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aláṣẹ Soviet fi dí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n yà á. Lẹ́yìn tí Klimov parí rẹ̀, kò tún ya fíìmù kankan mọ́ títí tó fi kú lọ́dún 2003.

Iná tí o kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yẹn, ó jó lóòótọ́. Ní abúlé Khatyn, ní March 22, ọdún 1943, wọ́n kó àwọn ará abúlé sínú abà kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sun ún. 149 ènìyàn ló kú, 75 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Òpin fíìmù náà ló kọ ọ́ síta pé abúlé 628 ni wọ́n sun bẹ́ẹ̀ ní Belarus, tèèyàn-tèèyàn.

Síbẹ̀, bí ẹ bá wo fíìmù náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ojú ọmọ yẹn ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń wò. Aleksei Kravchenko tó ṣe Flyora, bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, eyín rẹ̀ ń tàn. Nígbà tó fi máa parí, iwájú orí ti hunjọ, ètè ti bó, irun ti di funfun, ojú tó fi ń wò wá ti kọjá ti ọmọdé. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ìtàn náà gbà.

Ìbéèrè Ìyá Ìbejì ni mo fẹ́ dáhùn. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó kọ́ ni mo fi ń wọn fíìmù líle. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, ẹ̀gbẹ́ ta ni wọ́n gbé kámẹ́rà sí? Ti ẹni tó ń jìyà, àbí ti ẹni tó ń jẹ ẹ́ níyà?

Ẹ wo Funny Games tí Michael Haneke, ará Austria, ṣe lọ́dún 1997. Ọ̀dọ́kùnrin méjì tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun wá tọrọ ẹyin nílé ìsinmi ìdílé kan, wọ́n sì sọ wọ́n di ẹran ìṣeré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìpànìyàn kan tí a fojú rí níbẹ̀. Ìró là ń gbọ́ láti iyàrá kejì. Nígbà tó yá, ìyàwó ilé rí ìbọn já gbà, ó yìn ín lu ọ̀kan nínú wọn, inú gbogbo wa dùn. Ni ìkejì bá gbé rìmóòtù, ó dá fíìmù náà fúnra rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó sì gba ìbọn kí obìnrin náà tó fọwọ́ kàn án. Haneke fẹ́ ká bi ara wa léèrè ohun tí à ń yọ̀ sí.

Ọdún 1985 tí Come and See jáde náà ni Shoah tí Claude Lanzmann ṣe jáde, lórí àwọn Júù tí ìjọba Hitler pa run. Ó ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ. Kò sí òkú kan níbẹ̀, kò sí àwòrán àtijọ́ kan. Àwọn tó yè àti àwọn tó mọ̀ sí i ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Abraham Bomba, onígbàjámọ̀ ni. Ní Treblinka, ibùdó kan tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù, wọ́n fipá mú un máa gé irun àwọn obìnrin kí wọ́n tó pa wọ́n. Lanzmann gbé e sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ísírẹ́lì, ó ń gé irun ọkùnrin kan bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, onígbàjámọ̀ bíi tirẹ̀, rí ìyàwó ara rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n wọlé wá, ọ̀rọ̀ dí i lọ́nà ọ̀fun. Sísọ́ọ̀sì ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì, èyí sún mọ́ ẹsẹ kan ṣoṣo tí ẹ kà nínú Jòhánù.

Àdùnní Òǹkàwé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mo kẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí òṣùwọ̀n yín kò dé. Mo ń sọ ti Irreversible tí Gaspar Noé ṣe lọ́dún 2002, èyí tí àwọn èèyàn dìde fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé. Lábẹ́ ilẹ̀, ní ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá títì, ọkùnrin kan fipá bá obìnrin tí Monica Bellucci ṣe lò pọ̀. Kámẹ́rà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò mira, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Tí ẹ bá ní kí a dúró ti ẹni tó ń jìyà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ni kámẹ́rà yẹn wà. Ṣé ó yege nìyẹn?

Èmi ò gbà. Àwọn tó ń yìn ín máa ń sọ pé ó fi òótọ́ hàn wá láìbò. Ta ni wọ́n fẹ́ fi hàn? Ọmọbìnrin tó ń dá wọ dánfó lálẹ́, tó di kọ́kọ́rọ́ mú sáàárín ìka, mọ òótọ́ yẹn. Ẹni tó ti ṣẹlẹ̀ sí kò nílò kí wọ́n ka ìṣẹ́jú rẹ̀ fún un.

Kunle Afolayan mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà ṣe é. Nínú October 1 tó jáde lọ́dún 2014, òmìnira ọdún 1960 ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ń pa àwọn ọmọbìnrin nílùú kékeré kan nílẹ̀ wa. Nígbà tí àṣírí máa tú, a gbọ́ pé Ọmọba Adérọ́pò tó ń pa wọ́n, àlùfáà òyìnbó tó mú un sọ́dọ̀ láti rán an nílé ẹ̀kọ́ ló ti ba ayé rẹ̀ jẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹni tí ojú òun náà rí irú ẹ̀ lọ́wọ́ àlùfáà yẹn ló sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ bí àwọn ọkùnrin wa ṣe máa ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, gbólóhùn díẹ̀, ojú níbòmíràn. Ó wọ̀ mí lára ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án Noé lọ.

Baba Awòran

Àdùnní, ọ̀rọ̀ rẹ lágbára, mi ò sì ní sọ pé kí obìnrin kankan lọ wò ó. Ìdí kan ṣoṣo tí mi ò fi tíì ju fíìmù yẹn nù ni bí wọ́n ṣe to ìtàn rẹ̀. Ìparí ló fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀san ni a kọ́kọ́ rí, kí a tó mọ ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n fọ́ orí ọkùnrin kan níbẹ̀, a ò mọ ohun tó ṣe, nígbà tó sì yá, ó hàn pé ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà kọ́ ni wọ́n pa. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, wọ́n á fi ìyà obìnrin ṣe ìbẹ̀rẹ̀ kí inú wa lè dùn nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá gbẹ̀san. Noé gba ìdùnnú yẹn lọ́wọ́ wa. Ó tún fi ìró abẹ́lẹ̀ kan, tí etí ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́, sí bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kí ara wa má lè balẹ̀.

Àdùnní Òǹkàwé

Ìtò yẹn ṣì máa dúró láìsí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

Ṣẹ́gun Ẹ́dítọ̀

Mo ń ṣe ẹ́dítìn fíìmù Yorùbá, ẹ jẹ́ kí n wá láti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń rí yẹn, omi ṣúgà àti àwọ̀ pupa inú oúnjẹ ni. Ìró ọ̀bẹ tó ń wọlé sára, mo lè gún kábéèjì nídìí máìkì, kó sì dà bí ẹran ara. Kò sí èyí tó nira níbẹ̀. Orin ni iṣẹ́ wà. Bí mo bá gbé ìlù lé ibi tí wọ́n ti ń pa ènìyàn, tí mo gé àwòrán náà kó máa bá ìlù rìn, olùwòran á bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Mo ti rí i kí wọ́n máa mi orí sí ikú. Bí mo bá yọ ìlù náà kúrò, tí mo fi ìmí ẹni tó ń kú sílẹ̀, iyàrá á dákẹ́ rọ́rọ́. Fíìmù kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà.

Èyí ló ń dùn mí nínú àwọn fíìmù oògùn owó tiwa. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, kéde lọ́dún 2024 pé ètò tuntun wà tí kò ní gba kí wọ́n máa gbé oògùn owó àti sìgá lárugẹ nínú fíìmù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. Wọ́n á pa ọmọbìnrin náà ní ìṣẹ́jú díẹ̀, a ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀, a ò dé ilé wọn. Lẹ́yìn náà, láti apá kìíní dé ìdajì apá kejì, mọ́tò olówó ńlá, ilé alájà mẹ́ta, àríyá, owó níná. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kù ni orí máa dà rú, tí pásítọ̀ máa dé. Ta ni kámẹ́rà fẹ́ràn níbẹ̀? Ọmọ tó ń wò ó mọ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ yọ ẹ̀jẹ̀ náà kúrò pátápátá, ibi tí kámẹ́rà ń wò ò yí padà.

Mo ti dábàá rẹ̀ fún àwọn tó gbé iṣẹ́ fún mi pé ká fi odindi apá kìíní sọ́dọ̀ ìyá ọmọ tí wọ́n pa: bó ṣe ń lọ láti àgọ́ ọlọ́pàá dé ilé ìwòsàn, tó ń fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ han oníṣòwò lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ní kò ní tà. Mo ṣì ń sọ ọ́.

Táyé Oǹdó

Èmi ò gbàgbé Fádèyí Olóró nínú Àrélù tí Jimoh Aliu ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n. Bó bá ti yọjú báyìí, a ti bọ́ sẹ́yìn àga bàbá wa. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ti jókòó sílẹ̀ de é kí iná má lọ. Ẹ̀rù tó dùn nìyẹn, ẹni tó ń dẹ́rù bani àti ẹni tí ẹ̀rù ń bà jọ ń ṣeré. Ohun tí Àkàndé sọ yìí kì í ṣe ẹ̀rù, ìbànújẹ́ ni.

Ọmọ Èkìtì ní Ọ̀fà

Ẹ ò tíì dárúkọ Grave of the Fireflies! Àwòrán yíyà ni o, bíi ti àwọn ọmọdé, Isao Takahata ló darí rẹ̀ ní Japan lọ́dún 1988. Kobe ni, lọ́dún 1945, bọ́ǹbù oníná ti jó ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n, Seita, ń gbọ́ bùkátà àbúrò rẹ̀ obìnrin kékeré, Setsuko. Látìbẹ̀rẹ̀ ni ọmọkùnrin náà ti sọ fún wa pé òun kú, torí náà kò sí ìrètí kankan tí wọ́n fi tàn wá. Ebi pa Setsuko títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíìdì dígí tí wọ́n fi ń ta eré sẹ́nu, ó ń lá a bíi súwíìtì. Ó fi ẹrẹ̀ mọ oúnjẹ, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó jẹ. Akiyuki Nosaka tó kọ ìtàn náà sílẹ̀, àbúrò tirẹ̀ gan-an ni ebi pa kú nínú ogun yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Mi ò lè sọ̀rọ̀ nígbà tó parí. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ni mo pè lórí fóònù, mo kàn bi í bóyá ó ti jẹun.

Àkàndé Òkè-Àdó

Ẹ kú àlàyé o, gbogbo yín pátá. Mo fi ohun tí Baba Awòran sọ nípa kámẹ́rà padà wo òpin Come and See, òpin náà nìkan. Flyora rí àwòrán Hitler tó wà nínú omi ẹrẹ̀, ó gbé ìbọn sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó yìnbọn láti ìgbà tó ti wú u jáde nínú iyanrìn. Bó ṣe ń yìn ín, àwọn àwòrán ayé Hitler ń sáré padà sẹ́yìn: àwọn ilé tó wó ń dìde, àwọn ọmọ ogun ń fẹ̀yìn rìn, Hitler ń kéré sí i, ó di ọ̀dọ́, ó di ọmọ ọwọ́ lórí itan ìyá rẹ̀. Ọmọ náà dúró. Ìka rẹ̀ wà lórí ìbọn, kò yìn ín mọ́.

Èsì tí mo fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Mo ní gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ yìí, kò sọ ọ́ di ẹni tó lè pa ọmọ ọwọ́, mo sì fẹ́ rí ìyẹn. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun ò ní wò ó.

Bọ̀dé, o wí ire nípa àwọn tó ń rìn kọjá. Baba Awòran, wákàtí mẹ́sàn-án Shoah yẹn, báwo ni ẹ ṣe ní ká wò ó?

Baba Awòran

Má ṣe wò ó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Pín in, wákàtí méjì-méjì, lójú ọ̀sán, kí o sì jáde rìn díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ti Bomba wà ní apá kejì, ṣùgbọ́n má fò wá síbẹ̀. Tí o bá bá a bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn á yé ọ ju kí o kàn gé ibẹ̀ wò lórí YouTube lọ.

Ìyá Ìbejì Ìgbò-Ọrà

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ti onígbàjámọ̀ yẹn, mo rò pé mo lè wò ó. Ti iná abúlé, rárá, ẹ má pè mí sí i. Ṣẹ́gun, ìyá tó ń gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ kiri yẹn, ya fíìmù náà, a ó san owó wò ó.

Ọmọ Èkìtì, ìbéèrè kan. O ní àwòrán yíyà ni ti Japan yẹn. Ṣé mo lè fi han àwọn ìbejì mi kékeré? Wọ́n ti pé ọdún mọ́kànlá.

Ọmọ Èkìtì ní Ọ̀fà

Ẹ má tíì fi hàn wọ́n, mà. Ní Japan gan-an, nígbà tó jáde, òun àti fíìmù ọmọdé mìíràn tó dùn ni wọ́n jọ ń gbé hàn lójú kan náà ní sinimá, ẹ fojú inú wo àwọn òbí tó kó ọmọ wá ṣe fàájì. Ẹ kọ́kọ́ dá wò ó. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n lè gbà á, ẹ jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, kí rìmóòtù wà lọ́wọ́ yín. Tí ọ̀kan bá ní òun ò wò mọ́, ẹ pa á.